Àgádágodo Inú Apẹ̀rẹ̀ Obì

Ọ̀sán gangan ni òwìwí náà ké. Oòrùn wà lójú ọ̀run, ọyẹ́ ọdún 1981 ti ń fa ètè àwọn ará Ọ̀wọ̀ ya, kò sì sí ìdí kankan tó fi yẹ kí ẹyẹ òru jáde síta. Síbẹ̀ ó bà sórí igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé, ó kọjú sí fèrèsé yàrá tí wọ́n kó obì sí, ó ké, ó sinmi, ó tún ké.

Fúnmiọlá ń ká aṣọ lórí okùn. Ọwọ́ rẹ̀ kú sára aṣọ. Tíṣà ni, ọmọ ìjọ Àgùdà ni, àwọn ọmọ kéékèèké ló ń kọ́ níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò sì jẹ́ jẹ́wọ́ níwájú ẹnikẹ́ni pé ẹyẹ lè dẹ́rù ba òun. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á. Ó kó aṣọ mọ́ra, ó sá wọlé, ó sì lọ fọwọ́ kan ilẹ̀kùn yàrá obì bóyá ó ṣì wà ní títì.

Nínú yàrá yẹn ni gbogbo làálàá ọkọ rẹ̀ wà. Dókítà Akínwọlé kì í ṣe dókítà abẹ́rẹ́. Olùkọ́ ni ní yunifásítì, ìmọ̀ ohun ọ̀gbìn ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ìparí ọ̀sẹ̀ nìkan ló sì ń rí ààyè wá sílé ní Ọ̀wọ̀. Ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu láti kékeré ni kòkòrò inú obì. Àgbẹ̀ Ùtè á kórè, ti Ìpele á kórè, obì gbàǹja á kún apẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó rí ẹni tí yóò rà á, kòkòrò á ti lu ú níhò. Akínwọlé wá ewé, ó wá èèpo igi, ó pò wọ́n, ó fi pa obì lára, ó fi ewé gbòdògì dì í. Ọdún yí po, obì náà kò ní ihò kan lára. Bí wọ́n bá là á, á ṣì máa sun omi.

Ìgbà yẹn gan-an ni yunifásítì wọn dá ìgbìmọ̀ tuntun kan sílẹ̀, tí wọ́n pè ní Ìgbìmọ̀ Ìmọ̀-Dòwò. Wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́ kí iṣẹ́ ọpọlọ àwọn olùkọ́ máa jẹ eruku nínú pẹpẹ ìwé. Ẹni tó bá ṣe ohun tó wúlò, yunifásítì yóò bá a dá iṣẹ́ sílẹ̀, wọn yóò máa tà á fáráyé, ẹni tó ni ọgbọ́n náà yóò sì jẹ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí Akínwọlé, àfi ohun tí lọ́yà kan sọ fún un.

"Kí ìjọba tó fún ọ níwèé ẹ̀tọ́, má jẹ́ kí ohun tí o pò jáde lẹ́nu rẹ," lọ́yà náà wí. "Ọjọ́ tí o bá ti là á sílẹ̀ láwùjọ, kì í ṣe tìrẹ mọ́. Ẹni tó bá lágbára yóò gbé e lọ, kò sì síbi tí o fẹ́ lọ ké sí."

Akínwọlé gbọ́. Kò kọ ọ́ síbì kankan. Kò sọ ọ́ fún Fúnmiọlá pàápàá, Fúnmiọlá kò sì bínú, nítorí ó mọ ẹni tí wọ́n ń bẹ̀rù.

Ọ̀gá ẹ̀ka wọn ni, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ambrose, ọmọ Ùtè. Ọkùnrin jẹ́jẹ́, aṣọ funfun, ẹnu tútù. Ọ̀rẹ́ Akínwọlé kan wà tó ń jẹ́ Christopher, tó fi eérú èèpo kòkó ṣe ọṣẹ tó ń hó yẹ̀ẹ̀. Ó mú un lọ han ọ̀gá. Kò pẹ́ tí ọṣẹ náà fi jáde ní Èkó, àwọn ẹbí Ọ̀jọ̀gbọ́n ló sì ń tà á. Christopher fi iṣẹ́ sílẹ̀. Rédíò ló ń tún ṣe kiri báyìí, bí ẹnikẹ́ni bá sì dárúkọ ọṣẹ níwájú rẹ̀, á dìde kúrò níbẹ̀.

*

Ọjọ́ tí ẹyẹ ké náà ni Agatha dé. Òun àti Fúnmiọlá jọ lọ sílé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ni. Òkèlúsè ló ti ń ṣe tíṣà tirẹ̀. Kò jókòó. Kò gba omi.

"Fúnmi, Píjò funfun tí ọ̀gá ọkọ rẹ ń gùn, ṣé òun ló ní àmì yunifásítì lára dígí?"

"Òun ni. Kí ló ṣe é?"

"Mo rí i lánàá. Ó wà lójúde Bàbá Arúgbó."

Fúnmiọlá kò bi í pé Bàbá Arúgbó wo. Kò sẹ́ni tó ní ará ní Òkèlúsè tí kò mọ̀ ọ́n. Wọn kì í lọ bá a nítorí ibà. Wọn kì í lọ bá a nítorí ọmọ tí kò rin. Ẹni tó bá yà sójúde rẹ̀, ènìyàn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ kan ló fẹ́ dà láàmú.

"Ó pẹ́ níbẹ̀?"

"Mo lọ sọ́jà, mo dé, mọ́tò náà ṣì wà níbẹ̀. Ìgbà tó jáde, ó ń fi áńkáṣífì nu ọwọ́. Ó ń nù ún, ó ń nù ún, bí ẹni tí nǹkan lẹ̀ mọ́ lọ́wọ́." Agatha wo ẹ̀yìn. "Mi ò sọ fún ẹnì kankan o. Ìwọ nìkan ni mo sọ fún."

Ó lọ. Fúnmiọlá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìpàdé ìgbìmọ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀. Akínwọlé yóò gbé apẹ̀rẹ̀ obì lọ síwájú wọn ní yunifásítì, Ọ̀jọ̀gbọ́n ni yóò sì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ẹ̀ka, òun ni yóò sọ bóyá iṣẹ́ náà dára tàbí kò dára. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kan ṣoṣo tó láti pa á. Kí ló wá kù tó ń wá lọ sí Òkèlúsè?

*

Ṣẹ̀fíátù, tí gbogbo ọjà mọ̀ sí Ìyá Kúbúrá, ló ń ta obì fún Akínwọlé látìbẹ̀rẹ̀. Obìnrin tó mọ tinú tẹ̀yìn ìlú ni, agboolé onímàle tó wà láàárín ìgboro ni wọ́n bí i sí, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ bọ gbogbo ẹnu sọ. Nígbà tí Fúnmiọlá ròyìn fún un tán, ó ti ìsọ̀ rẹ̀ pa.

"Tíṣà, mo mọ̀ pé ẹ̀yin ń gbàdúrà. Èmi náà ń kírun. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń gbé iná bọ̀ nílé mi, mi ò ní jókòó kí n máa wò wọ́n. Ẹ wá gèlè yín."

Ìpele ni wọ́n gbà lọ. Ilé kan wà lẹ́yìn oko, òrùlé rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀, ìyá arúgbó kan sì jókòó síwájú rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀gúsí. Kò gbé ojú sókè.

"Ọma mi, o ti pẹ́," ó wí. "Àná ni mo ti ń wọ̀nà rẹ."

Fúnmiọlá wo Ìyá Kúbúrá. Kò sẹ́ni tó sọ fún ìyá náà pé àwọn ń bọ̀.

"Ẹni náà, ṣé o fẹ́ kó kú?"

"Rárá o, Màmá! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Kó ṣáà má rí ọ̀rọ̀ kankan sọ lòdì sí ọkọ mi lọ́jọ́ ìpàdé."

"Ta ni í kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé wọn?"

"Òun ni. Òun ni ọ̀gá ẹ̀ka tó ni iṣẹ́ náà. Kò sẹ́ni tó jẹ́ yanu kí òun tó yanu."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, Màmá."

Ìyá náà wọlé. Ó pẹ́ kó tó jáde, ohun tó mú jáde kò sì ju àgádágodo kékeré kan lọ, irú ti ìgbà láéláé, ìpata bò ó, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ó ti wẹ̀ ẹ́ nínú nǹkan dúdú kan. Òórùn rẹ̀ gba imú, ó dàbí irin tó kan ẹ̀jẹ̀. Ó nà án sí Fúnmiọlá lórí ewé.

"Fi í sí ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ obì. Ohùn tó bá kọ́kọ́ dún lórí apẹ̀rẹ̀ náà láwùjọ, òun ni yóò tì."

"Títí di ìgbà wo, Màmá?"

"N kò mọ̀. Ó ti ẹlòmíràn, ilẹ̀ mọ́, ó ṣí. Ó ti ẹlòmíràn, a sin ín bẹ́ẹ̀."

Ìyá Kúbúrá fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyá arúgbó náà mú kọ́kọ́rọ́ tín-ínrín kan jáde láti abẹ́ ìró rẹ̀.

"Èyí, odò Ọ̀sẹ̀ ló ni ín. Jù ú láti orí afárá, má wẹ̀yìn. Tí kọ́kọ́rọ́ bá ti lọ, ó ti lọ nìyẹn. Má sì dá a láṣà pé o fẹ́ yọ àgádágodo náà kó tó pa ẹnu dé. Ẹni yòówù kó yọ ọ́, orí onílé ni yóò já lé. Ṣé o gbọ́? Ùwọ lo wá bẹ mi o."

Lójú ọ̀nà ilé, Fúnmiọlá ní kí wọ́n kọ́kọ́ gba ọ̀nà Ìfọ̀n lọ sórí afárá. Ó ju kọ́kọ́rọ́ náà sínú odò. Ó dúró, ó fetí sílẹ̀, kò gbọ́ ìró rẹ̀ nínú omi. Ìyá Kúbúrá náà kò gbọ́ ọ. Wọ́n yára gba ọ̀nà Ọ̀wọ̀ padà.

*

Lọ́jọ́ Sátidé, Akínwọlé wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín, ó ń pariwo láti inú mọ́tò.

"Ìyá Ọlá! Ìyá Ọlámúyìwá! Wá gbọ́ ìròyìn ayọ̀. Ìgbìmọ̀ kò pè wá mọ́. Àwọn fúnra wọn ló ń bọ̀ níbí!"

"Níbo?"

"Nínú ilé yìí. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti fẹ́ ṣèpàdé. Alága ń bọ̀, ẹni tí báńkì tó fẹ́ fi owó sí iṣẹ́ náà rán ń bọ̀, gbogbo wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n ló dá a lábàá. Ó ní kí wọ́n wá fojú ara wọn rí obì náà níbi tó wà. Fúnmi, bóyá a ti ń ṣi ọkùnrin yẹn mọ̀ ni."

Fúnmiọlá di tábìlì mú. Ó ti fi àgádágodo náà sísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀, ó ti to obì lé e lórí.

"Ta ni yóò wá ṣí ìpàdé?" ó bèèrè.

Ọkọ rẹ̀ wò ó tìyanutìyanu. "Nínú ilé bàbá mi? Èmi ni n ó gbé obì fún àlejò, èmi ni n ó kí wọn káàbọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó sọ nǹkan mìíràn. Àbí àlejò ló ń gbé obì fún onílé níbi tí wọ́n ti bí ọ ni?"

Ẹ wo irú àṣìṣe. Ọmọdé Ọ̀wọ̀ tó bá ti mọ ọwọ́ wẹ̀ ló mọ̀ pé bí ipò àlejò ti wù kó ga tó, á pa ẹnu mọ́ títí onílé yóò fi gbé obì. Ṣùgbọ́n ìpàdé òyìnbó ni Fúnmiọlá ń rò, tábìlì gígùn, àga ọ̀gá níwájú, kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn pé ìpàdé lè ṣí kúrò níbi tó wà. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbé ohun tí yóò ti ọkọ rẹ̀ lẹ́nu wọlé. Kí ni olùkọ́ tí kò lè sọ̀rọ̀ fẹ́ jẹ? Ta ni yóò fi owó báńkì lé odi lọ́wọ́?

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni itọ́ ti yí padà lẹ́nu rẹ̀. Ohunkóhun tó bá jẹ, bí ìpata ló ń rí lẹ́nu rẹ̀.

Ó padà lọ sí Ìpele lóun nìkan. Ìyá arúgbó náà ṣì ń ṣa ẹ̀gúsí níwájú ilé bíi pé kò dìde níbẹ̀ rí.

"Màmá, mo ṣìṣe. Ẹ bá mi tú u."

"Mú kọ́kọ́rọ́ wá."

"Màmá, ẹ̀yin lẹ ní kí n jù ú!"

"Èmi ni," ìyá náà wí, ó sì ń ṣa ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ. Fúnmiọlá kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀, ó sunkún, ó bẹ̀ ẹ́, ó fi Màríà Mímọ́ bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ìyá náà gbé ẹ̀gúsí rẹ̀ wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

*

Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ lórí eékún rẹ̀ díẹ̀, ká yà sí Òkèlúsè. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ambrose ti padà lọ gba ohun tó lọ bẹ̀. Nínú yàrá Bàbá Arúgbó, kò sí fèrèsé, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tó ń mí lẹ́yìn aṣọ tí wọ́n ta sí ògiri. Ọ̀jọ̀gbọ́n kò bèèrè. Òógùn ti mú ọrùn aṣọ funfun rẹ̀.

"O ò tíì sọ pé o fẹ́ kó kú," Bàbá Arúgbó wí.

"Mi ò fẹ́ kó kú, Bàbá. Tó bá kú, kí ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀? Ohun kan wà nínú rẹ̀ tó fi pamọ́. Mo ti fi ọ̀rẹ́ bẹ̀ ẹ́, mo ti fi ọ̀gá pa á láṣẹ, kò sọ ọ́. Mo fẹ́ kó sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn, lóhùn òkè, kí àwọn ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀. Tó bá ti sọ ọ́ báyẹn, kò lè ní òun ló ni ín mọ́."

Bàbá Arúgbó rẹ́rìn-ín. Ó gbé òrùka bàbà kan lé e lọ́wọ́. Nǹkan kan bí àdín dúdú wà lábẹ́ rẹ̀.

"Fi kan ohun tí yóò jẹ. Tó bá ti gbé e mì, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ yóò jáde, òun gan-an kò ní lè dá a dúró. Ohun kan ṣoṣo ló lè bà á jẹ́."

"Kí ni?"

"Tí ẹnì kan bá ti tì í lẹ́nu ṣáájú. Tí ẹnu bá wà ní títì, tèmi kò ní rí ọ̀nà gbà jáde."

Ọ̀jọ̀gbọ́n rò ó, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Ta ni yóò lọ ti Akínwọlé lẹ́nu? Ọ̀tá kan kò sí fún un láyé yìí ju òun lọ. Ó ki òrùka náà bọ ìka. Ó tutù, ó fún, nígbà tó sì dé ìdí mọ́tò tó fẹ́ bọ́ ọ, kò bọ́.

*

"Bàbá Ọlá, ẹ jẹ́ kí Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ jọ̀ọ́."

"O tún ti bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ kàn fi bu ọlá fún un ni."

"Kí wọ́n lè sọ pé mo gbàgbé ilé? Kí bàbá mi yí padà nínú sàréè? Fúnmi, kí ló ń ṣe ọ́ gan-an? O ò jẹun. O ń tu itọ́ bí aláboyún."

Ọ̀rọ̀ wà létè rẹ̀. Ó fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, láti orí Píjò funfun dé orí afárá odò Ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ ọkọ rẹ̀. Akínwọlé kò ka oògùn sí. Tó bá gbọ́ pé irin kan wà nísàlẹ̀ obì òun, á rẹ́rìn-ín, á ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, á yọ ọ́ jù síta. Ta sì ni onílé? Òun náà ni. Tó bá sọ, ó já lé ọkọ rẹ̀ lórí. Tí kò bá sọ, ó ti ọkọ rẹ̀ lẹ́nu.

Ó lọ dúró ti apẹ̀rẹ̀ náà nínú yàrá obì. Ó fi etí kan án. Ó dá a lójú pé ohun kan ń mí nísàlẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń dúró de nǹkan. Ó jókòó tì í títí omijé rẹ̀ fi gbẹ, ibẹ̀ ló sì ti rí ohun kan ṣoṣo tó kù tó lè ṣe. Nígbà tó jáde, ó pe Ọlámúyìwá, ọmọ rẹ̀, ó ń bá a sọ̀rọ̀ lórí ohun gbogbo àti ohun tí kò tó nǹkan, ó ń pe orúkọ rẹ̀, ó ń kọrin fún un, títí ọmọ náà fi ní, "Màmá, ó tó, oorun ń kùn mí."

*

Wọ́n dé ní òwúrọ̀, mọ́tò lẹ́yìn mọ́tò. Alága ìgbìmọ̀ sanra, ó sì fẹ́ràn ẹ̀rín. Ẹni tí báńkì rán kò rẹ́rìn-ín rárá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ambrose ló wọlé kẹ́yìn, ó tẹríba fún Fúnmiọlá láìsọ̀rọ̀, ó sì lọ jókòó. Kò sẹ́ni tó yanu nínú wọn, nítorí wọ́n jẹ́ ọmọlúàbí. Wọ́n ń dúró de onílé.

Apẹ̀rẹ̀ obì wà láàárín. Akínwọlé dìde, ó tún agbádá gbé sí èjìká, ó ha ọ̀fun.

Fúnmiọlá já wọlé láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, páànù omi lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin àlejò wa!" Ohùn rẹ̀ ga ju bó ṣe yẹ lọ. "Obì rèé. Ẹ bá wa jẹ ẹ́ o."

Ká! Ohun kan dún nínú apẹ̀rẹ̀. Òun nìkan ló gbọ́ ọ.

Àwọn àlejò wo ara wọn. Obìnrin kì í gbé obì fún àlejò nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà lórí ìdúró. Ojú ti Akínwọlé débi pé ó wo ilẹ̀. Ó wá jẹ́ alága ló fi ẹ̀rín gbà á là.

"Ìyá ilé ti gba iṣẹ́ bàbá ilé! A dúpẹ́, ìyàwó wa. A ti gba obì."

Fúnmiọlá fẹ́ sọ pé kí wọ́n má bínú. Ahọ́n rẹ̀ wà nílẹ̀ ẹnu rẹ̀, ó wúwo, kò mì. Ó tún gbìyànjú. Kò sí nǹkan kan. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, síbẹ̀ inú rẹ̀ dùn. Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó ti gbà á là. Ọkọ rẹ̀ yóò sọ̀rọ̀, wọn yóò gbọ́ ọ, iṣẹ́ rẹ̀ yóò di tirẹ̀, tí ohùn òun kò bá sì padà mọ́ láéláé, kò burú.

Ọ̀jọ̀gbọ́n mú obì kan. Ó là á pẹ̀lú ìka tí òrùka bàbà wà, ó sì na awẹ́ kan sí Akínwọlé.

"Ìwọ tó ni ín ni kó kọ́kọ́ jẹ," ó wí, ẹnu tútù. "Kí ọkàn gbogbo wa lè balẹ̀."

Akínwọlé gbà á, ó sọ ọ́ sẹ́nu, ó ń jẹ ẹ́. Àbàwọ́n dúdú kan kù sí i ní ètè. Fúnmiọlá rí i. Ara rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tó ń bẹ̀rù.

"Dókítà," alága wí, "a mọ̀ pé o kò tíì gba ìwé ẹ̀tọ́, a ò ní kí o sọ àṣírí rẹ. Ṣáà sọ fún wa bí obì yìí ṣe pẹ́ tó nílé yìí."

"Ó ti lé lọ́dún, sà," Akínwọlé dáhùn. Ó gbé itọ́ mì. "Ó ti lé lọ́dún, nítorí ewé tí a fi pa á..."

Ó dárúkọ ewé náà.

Fúnmiọlá ta kúrò lára ògiri. Akínwọlé ń sọ̀rọ̀ lọ, òógùn bò ó lójú, ẹ̀rù sì wà nínú ẹyinjú rẹ̀ bíi ti ẹni tí omi ń gbé lọ. Ó dárúkọ ewé kejì. Ó sọ igi tí a ń bó èèpo rẹ̀, ó sọ ìgbà tí a ń bó o, ó sọ bí iná ṣe gbọ́dọ̀ mọ lábẹ́ ìkòkò. Ẹni tí báńkì rán ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n kò kọ nǹkan kan, ó kàn ń mi orí, ó di ojú.

Obìnrin náà sáré dé ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀, ó fà á lágbádá. Ó la ẹnu gbàgà láti kígbe pé dákẹ́, dákẹ́, Akínwọlé, dákẹ́! Èémí lásán ló jáde. Ó ju páànù omi mọ́lẹ̀, omi ta sí wọn lẹ́sẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un jókòó," ẹnì kan sọ. "Kí ló ń ṣe obìnrin yìí lónìí?"

Wọ́n dì í mú. Ó fẹ́ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ọkọ rẹ̀ lẹ́nu, wọ́n fà á sẹ́yìn. Ó ń jà, ó ń sunkún láìdún.

"Dókítà, ó tó," alága wí, kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Mo ní ó tó, ọmọkùnrin yìí. O ń ba ara rẹ jẹ́."

Akínwọlé kò lè dúró. Ó sọ ọ́ dópin, ó sì tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó dákẹ́, ó jókòó wọ̀ì, orí rẹ̀ tẹ̀ sí àyà.

Alága di ìwé rẹ̀. "Kò sí ohun tí yunifásítì lè bá a dì mú mọ́," ó wí. "Gbogbo wa la ti gbọ́ ọ. Ìta gbangba ló wà."

"Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Èkó tó nílé iṣẹ́," Ọ̀jọ̀gbọ́n Ambrose wí jẹ́jẹ́. "Bóyá wọ́n lè bá wa wò ó, kó má bàa ṣòfò."

Kò sẹ́ni tó ta kò ó. Wọ́n dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, Ọ̀jọ̀gbọ́n yí sí Fúnmiọlá. "A dúpẹ́ fún obì," ó wí, ó sì bọ́ sínú mọ́tò rẹ̀.

Ilé dá. Akínwọlé gbé orí sókè, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ó nu ètè rẹ̀, ó wo àwọn àga tó ṣófo.

"Kí ni mo sọ?" ó bèèrè. "Fúnmi, kí ni mo sọ fún wọn?"

Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó gbá a lọ́wọ́ mú. Díẹ̀díẹ̀ ló ń padà sí i lọ́kàn, Fúnmiọlá sì ń rí i lójú rẹ̀ bó ṣe ń padà, ewé kìn-ín-ní, ewé kejì, èèpo igi, iná. Akínwọlé fa ọwọ́ rẹ̀ yọ kúrò nínú tirẹ̀.

"O wà níbẹ̀," ó wí. "Ìwọ tó sáré gba obì sọ lẹ́nu mi. O gbọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀, Fúnmi? Kí ló dé tí o ò dá mi lẹ́kun?"

Ó ń wò ó lẹ́nu, ó ń retí èsì.